Obìnrin Oníbúrẹ́dì Tí Akínwùmí Pa

Akínwùmí Akínọ̀ṣọ́ kì í jẹ́ kí ènìyàn parí ọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé ó burú o. Ọlọ́run kàn fún un ní ẹ̀bùn láti mọ ohun tí o fẹ́ sọ kí ìwọ alára tó mọ̀ ọ́n ni. Bí o bá ní, "Ọ̀gá, mo fẹ́...", ó ti dá ọ lóhùn. Bí o bá ní kì í ṣe ohun tí o fẹ́ sọ nìyẹn, á fi sùúrù ṣàlàyé fún ọ pé ohun tí o fẹ́ sọ gan-an nìyẹn. Ìyàwó rẹ̀, Olúyẹ́misí, tó jẹ́ olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan, máa ń sọ pé àbọ̀ ọ̀rọ̀ ni wọ́n ní ká sọ fọ́mọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ á di odidi. Ti ọkọ òun, tó bá dénú rẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ló ń dà.

Irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ṣòfò. Láàárín ọ̀sẹ̀, Akínwùmí ni ọ̀gá ààbò ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń kọ́ ilé ìkẹ́rùsí ní Lẹ́kkí Free Zone. Ọ̀gá Sáfẹ́tì ni àwọn òṣìṣẹ́ ń pè é. Lílé ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń lé ẹni tí kò dé akoto sórí, ó ń lé ẹni tó wọ sílípáàsì wá síbi iṣẹ́, ó ń lé ẹni tó ń mu sìgá lẹ́gbẹ̀ẹ́ epo dísẹ́ẹ̀lì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti lé ènìyàn púpọ̀ débi pé kò lè rántí ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn. Tó bá wá di ọjọ́ Àìkú, á wọ sùtánà funfun, á bọ́ bàtà, á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ nínú ìjọ wa, Òkè Ìmọ́lẹ̀ Àìkú, ní Ajah. Ibẹ̀ ló ti ń túmọ̀ ìran.

Ẹni tí kò bá mọ ìjọ aláṣọ funfun, ẹ jẹ́ kí n là á yé e. Bí ẹ̀mí bá gbé wòlíì, á máa fọ èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́, á sì máa ju ọ̀rọ̀ Yorùbá kọ̀ọ̀kan sí i láàárín: omi, ẹyẹ, ìlẹ̀kùn, pupa. Lẹ́yìn náà ni olùtumọ̀ á dìde, tí á sọ ohun tí ẹ̀mí wí fún ìjọ. Wòlíì wa, Ìyá Adéjọkẹ́, kì í pẹ́ nínú ẹ̀mí. Ìtumọ̀ Akínwùmí ló máa ń gùn ju ìwàásù lọ. Ìyá á ní "omi". Akínwùmí á sọ orúkọ odò náà, á sọ ẹni tó fẹ́ rì sínú rẹ̀, á sọ aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, á sì sọ irú àbẹ́là tí àwọn ẹbí rẹ̀ gbọ́dọ̀ tàn kó má baà rì. Ìyá Adéjọkẹ́ alára á jókòó, á lanu, á máa gbọ́ ohun tí òun fúnra rẹ̀ sọ. Ó sì máa ń yà á lẹ́nu.

A kò ráhùn. Ìtumọ̀ rẹ̀ dùn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé tìtorí rẹ̀ ni wọ́n fi ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ọjọ́ ìkórè ni ọ̀rọ̀ Látíìnì bẹ̀rẹ̀. Akínwùmí pe aládùúgbò rẹ̀, Clement, wá bá wa dúpẹ́. Ilé Clement kọjú sí tirẹ̀ nínú ẹ̀sítéètì wọn ní Lakowe, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan ní Igbó Ẹfọ̀n. Kátólíìkì ni. Ó ti fẹ́ di fadá rí. Ó ti pẹ́ ní sẹ́mínárì kó tó pàdé ọmọbìnrin kan tó darí ìpè rẹ̀ gba ibòmíràn. Lọ́jọ́ náà, ìjọ kún dẹ́nu ọ̀nà, àwọn àlejò jókòó lábẹ́ kánópì, Ìyá Adéjọkẹ́ sì wọ inú ẹ̀mí. Akínwùmí wo iye èrò, ó wo aṣọ tí wọ́n wọ̀, orí rẹ̀ wú. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ̀yin ará! Èdè tí ẹ̀mí fọ̀ lẹ́nu Ìyá wa lónìí, Látíìnì ni! Èdè tí Pílátù fi kọ àkọlé sókè orí Olúwa lórí àgbélébùú!"

Halelúyà tí a pa lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ ní Badore. Clement nìkan ni kò pariwo. Ó ń wo ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n padà dé ẹ̀sítéètì, tí wọ́n ń já oúnjẹ ìkórè sílẹ̀ nínú ọkọ̀, Clement sún mọ́ ọn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ Olúwa. But that thing no be Latin o."

"Ti Róòmù lẹ̀yin mọ̀. Ti òkè ni tiwa."

"Hàn-án. Ṣé ẹ̀yin gbọ́ Látíìnì ni, Ẹ̀gbọ́n?"

Ọlọ́gbọ́n á ní rárá, á sì ráyè wọlé lọ jẹun. Akínwùmí ní, "Mo máa ń kà á."

Clement kò jiyàn. Ó wọlé, ó mú ìwé kan jáde tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já, ìwé tí wọ́n fi kọ́ ọ ní sẹ́mínárì, ó sì ṣí i síbi ìtàn àkọ́kọ́. "Kò gùn rárá. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún mi." Akínwùmí gbà á bí ẹni pé òun ló ni ín.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílé rẹ̀ lákòókò náà tó ju Látíìnì lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún òun àti Olúyẹ́misí. Tolúwani lorúkọ rẹ̀, ó ti kàwé gboyè apoògùn, ó sì fẹ́ ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Quadri. Quadri ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà, mùsùlùmí ni, ọmọ Ajah. Kò sí nǹkan tó ṣe é ju pé ọ̀rọ̀ kì í tètè jáde lẹ́nu rẹ̀ lọ. Ẹni tó máa gbọ́ ọ gbọ́dọ̀ jókòó. Irú ènìyàn yìí ni Tolúwani mú wá bá irú bàbá yẹn, lọ́dún tó kọjá.

Quadri dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀. Nígbà tó dìde, ó ní, "Sà, kí n tó sọ ohun tó gbé mi wá, ẹ̀yin lẹ lé bàbá mi níbi iṣẹ́ lọ́dún náà, ní Free Zone. Bàbá mi wá ní..."

"Ó tó!" ni Akínwùmí wí. "Ó ti yé mi."

Kí ló tún kù tí kò yé e? Ó lé bàbá ẹnìkan níbi iṣẹ́. Ọmọ onítọ̀hún dàgbà, ó wá ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo rí, ó sì gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ wọlé wá. Ẹ̀san ni. Ó nawọ́ sí ìlẹ̀kùn. Quadri ṣì ń wá ọ̀rọ̀ tó kàn nígbà tó bá ara rẹ̀ lójú títì.

"Daddy, ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ now!" Tolúwani ń sunkún.

"Ó ti parí."

Láti ọjọ́ náà, a kò gbọdọ̀ dárúkọ Quadri nínú ilé náà. Tolúwani bẹ Quadri pé kó sọ ìyókù ọ̀rọ̀ náà fún òun, kí òun lè bá a sọ ọ́. Quadri ní iṣẹ́ tí wọ́n bá rán ni là á jẹ́, ẹnu òun ni bàbá òun ní kó ti jáde, etí Bàbá Tolúwani ló sì gbọ́dọ̀ wọ̀. Olóríkunkun méjì ni ọmọbìnrin yìí kó sí láàárín, ọ̀kan ń yára jù, ọ̀kan ń fà jù.

Nínú ìjọ wa, ẹnikẹ́ni kì í gbéyàwó láìjẹ́ pé a gbé ọ̀rọ̀ náà síwájú pẹpẹ kí ẹ̀mí sọ tirẹ̀. Tolúwani, tó ti wọ sùtánà láti kékeré, lọ bá Olùṣọ́ wa, Ọládayọ̀. Ó ní ohunkóhun tí ẹ̀mí bá sọ nípa òun àti Quadri, òun á gbà. Bó bá ní kóun fẹ́ ẹ, òun á fẹ́ ẹ. Bó bá ní kóun fi í sílẹ̀, òun ò ní tún fojú kàn án mọ́. Olùṣọ́ fi ọjọ́ Àìkú kan sí i lẹ́yìn ìkórè.

"Ìwọ Tolúwani," ni ìyá rẹ̀ ní, "ṣé o rántí ẹni tó ń túmọ̀?"

"Daddy kò ní purọ́ níwájú pẹpẹ, Mummy."

Olúyẹ́misí wo ọmọ náà títí.

Inú Akínwùmí dùn nígbà tó gbọ́. Ọ̀bẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, iṣu wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìran kò tíì dé, ìtumọ̀ ti jinná. Bí Ìyá Adéjọkẹ́ bá ní omi, omijé ni. Bó bá ní ọ̀nà, ọ̀nà tí kò já síbì kan ni. Bó bá ní ìlẹ̀kùn, Ọlọ́run ti tì í. Lójú tirẹ̀, irọ́ kọ́ nìyẹn. Òun ni bàbá, ó ń dáàbò bo ọmọ rẹ̀, ẹ̀mí á sì gbà pẹ̀lú òun gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀.

Ó wá kọjú sí Látíìnì. Inú kọ̀ǹténà tí wọ́n sọ di ọ́fíìsì fún un ní Free Zone ló ti ń kà á, nígbà ìsinmi ọ̀sán. Àwọn òṣìṣẹ́ rí i tó ń fi ìka tọ ìlà, tí ètè rẹ̀ ń mì, wọ́n rò pé Sáàmù ló ń kà sórí wọn, wọ́n sì ń dé akoto dáadáa. Kò ṣí ìwé atúmọ̀ èdè kankan. Kí ló fẹ́ fi ṣe? Ọ̀nà tó ń gbà túmọ̀ ìran ló gbà. Ó mú ọ̀rọ̀ tó jọ Gẹ̀ẹ́sì níhìn-ín, ó mú òmíràn lọ́hùn-ún, ó di ojú, ó jẹ́ kí ìyókù wá fúnra rẹ̀. Obìnrin wà níbẹ̀. Ọ̀tá wà níbẹ̀. Ẹnubodè ìlú wà níbẹ̀, ó ṣí sílẹ̀. Búrẹ́dì náà wà níbẹ̀. Kí ló tún kù?

Ní òwúrọ̀ Sátidé, bí àwọn méjèèjì ti ń rìn káàkiri ẹ̀sítéètì láti fi gé ikùn kù, ó ka ìtàn náà fún Clement láìwo ìwé. Obìnrin ọ̀dàlẹ̀ kan wà ní ìlú kan. Ó ṣí ẹnubodè fún ọ̀tá lóru, ó tún fún wọn ní búrẹ́dì jẹ. Ọ̀tá sun ìlú náà di eérú. Nígbà tó yá, àwọn àgbààgbà ìlú tó sá àsálà mú obìnrin náà, wọ́n sì sọ ọ́ lókùúta pa. Ẹ̀kọ́ ńlá ni fún àwọn obìnrin òde òní.

Clement dúró lẹ́bàá gọ́tà, ó di ìbàdí mú, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè mí.

"Ẹ̀gbọ́n! Ta ló kú?"

"Obìnrin náà."

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ìlú tó jóná nkọ́?"

"Iná dà? Ẹ̀gbọ́n, kò síná. Kò sókùúta. Kò sí àgbààgbà. Arábìnrin yẹn ò fún ẹnikẹ́ni ní búrẹ́dì o. Òun ni wọ́n fún! Ẹ kàn pa obìnrin olóbìnrin síbẹ̀ ni."

"Gbogbo ọ̀rọ̀ náà ló wà níbẹ̀!"

"Wọ́n wà níbẹ̀. Ẹ̀yin lẹ pín iṣẹ́ fún wọn." Clement nu ojú. "Ẹ dúró dé òpin, Ẹ̀gbọ́n. Àwọn ará Róòmù wọ̀nyẹn, ìparí ni wọ́n sábà máa ń gbé ọ̀rọ̀ tó ru gbogbo ẹrù gbólóhùn sí. Ẹni tó bá dúró láàárín ọ̀nà, ohun tó wà nínú ara rẹ̀ ló máa kà. Ohun tí ìwé ò bá sì sọ, ẹ má bá a sọ ọ́."

Akínwùmí bínú, ó sì wọlé láìdágbére. Ó bínú sí Clement, ó bínú sí Pílátù. Àwọn wo ni wọ́n pe ara wọn, tí àgbàlagbà á fi máa dúró dè wọ́n bí ẹni dúró de bàálẹ̀ tó pẹ́ dé sípàdé? Ṣùgbọ́n ìtìjú mú un ju ìbínú lọ. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó ra ìwé atúmọ̀ èdè, ó wá àlàyé jọ lórí fóònù, ó jókòó sínú kọ̀ǹténà, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ bí ọmọ jélé-ó-sinmi.

Ẹ wo ìyà. Ó rí i pé ìrù ọ̀rọ̀, lẹ́tà tó gbẹ̀yìn rẹ̀, ló ń sọ ẹni tó ń fúnni àti ẹni tí wọ́n ń fún, kì í ṣe ìfẹ́ inú Akínwùmí. Á ka gbólóhùn kan, á gúnlẹ̀ sórí ìtumọ̀ kan tó dùn mọ́ ọn, á wo ìrù ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ á fọ́. Á tún gúnlẹ̀ sórí òmíràn, á tún fọ́. Èdè tí kò bọ̀wọ̀ fún olùtumọ̀! Ó kú láti ayé bàbá-ńlá wa, síbẹ̀ kò gbà kí ẹnikẹ́ni fi ọ̀rọ̀ sí òun lẹ́nu. Nígbà tí yóò fi tú ìtàn náà dé òpin, obìnrin kan ni, àárẹ̀ ti mú un, kò lè bá àwọn ará ìlú sá. Ó jókòó sí ẹnubodè tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ṣíṣí. Balógun ọ̀tá gun ẹṣin dé, ó rí i, ó bọ́ sílẹ̀, ó sì fi búrẹ́dì tirẹ̀ fún un. Ìyẹn náà ni. Ó dun Akínwùmí díẹ̀ pé kò sẹ́ni tó kú.

Ìlà kan ṣì kù níbẹ̀ tí kò gbà. Ó yí i títí, ó ṣẹ́ ẹ sọ́tùn-ún, ó ṣẹ́ ẹ sósì. Clement ti rìnrìn-àjò lọ sílé àna rẹ̀, fóònù rẹ̀ kò lọ. Ìtumọ̀ mẹ́wàá ló wà nínú Akínwùmí tó lè lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì mọ̀ pé òun lòun ń hun gbogbo wọn. Ó mú pẹ́ńsù, ó kọ ọ́ sétí ìwé: "Kò yé mi." Ẹni tó ti ń túmọ̀ láti ìgbà tí Ajah ṣì jẹ́ yanrìn àti ẹ̀fọn, kò kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Ó wò ó lọ títí. Ó dà bí ẹni tó bọ́ bàtà tó ti ń há a lẹ́sẹ̀.

Àrùn yìí bẹ̀rẹ̀ sí í ràn. Lọ́jọ́ kan níbi iṣẹ́, ó rí òṣìṣẹ́ kan, Fàtíù, lókè ilé tí wọ́n ń kọ́ láìdé akoto. Ó ti nawọ́ sí gétì tán nígbà tí Fàtíù ní, "Ọ̀gá, mo bọ́ ọ torí pé..." Akínwùmí la ẹnu, ó tún pa á dé. Ó dúró. Fàtíù alára kò retí ààyè tó tóbi tó bẹ́ẹ̀, ó kólòlò. "...torí pé àkekèé wà nínú rẹ̀, sà." Wọ́n gbọn akoto náà, àkekèé jábọ́. Nílé, Olúyẹ́misí bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kan nípa ẹ̀rọ amúnáwá, ó sì bá ara rẹ̀ ní òpin rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn wò bóyá ẹlòmíràn ló wà nínú yàrá.

Ṣùgbọ́n ti Quadri yàtọ̀. Ìyẹn ti yé e tẹ́lẹ̀. Ẹni tó lè dúró de òkú ará Róòmù kò ṣe tán láti dúró de alààyè ará Ajah.

Ọjọ́ Àìkú náà pé. Bí wọ́n ti ń wọ sùtánà, Olúyẹ́misí bá a tò kọ́là.

"Daddy Tolú, ìtumọ̀ tí ẹ fẹ́ ṣe lónìí, ṣé ẹ ti kà á dópin?"

"Ìran wo? Ìran ò tíì dé."

"Ìyẹn náà ni mo ń bi yín."

A ti kún inú ṣọ́ọ̀ṣì kí wọ́n tó dé. Quadri dúró sẹ́yìn pátápátá. Bàtà bíbọ́ kò ṣòro fún un, mọ́ṣáláṣí ti kọ́ ọ. Tolúwani kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ pẹ̀lú àbẹ́là lọ́wọ́. A kọrin, a pàtẹ́wọ́, Ìyá Adéjọkẹ́ gbọ̀n, ẹ̀mí gbé e. Ó fọ èdè. A gbọ́ "omi". A gbọ́ "ìlẹ̀kùn". A gbọ́ "ọwọ́". Ó ṣubú sórí ẹní, wọ́n sì fi aṣọ bò ó.

Akínwùmí dìde. Àwa tí a wá fún ìtumọ̀ tẹ ara wa síwájú. Ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu rẹ̀ tán: omijé, ìlẹ̀kùn tí Ọlọ́run tì, ọwọ́ ẹlẹ́san tó mú ọ̀bẹ lẹ́yìn. Ó kù kó ṣí ẹnu kó dà á jáde. Ó wá bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí kò bi ara rẹ̀ rí nínú sùtánà: ìlẹ̀kùn ta ni? Ta ló tì í? Ta ló sọ pé ó wà ní títì? Ọwọ́ yẹn, ó ń gbà ni, àbí ó ń fúnni?

Ó wo ilẹ̀, ó rí ọmọ rẹ̀. Ìda àbẹ́là ń kán sí Tolúwani lọ́wọ́, ó gbọ́dọ̀ ti máa ta á, kò sì mì. Ó di ojú. Ó ń dúró de ọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ bí ẹni dúró de Ọlọ́run, yóò sì gbà á gbọ́, yóò fi gbé ayé rẹ̀. Àánú ọmọ náà gún Akínwùmí láyà. Obìnrin kan ni ó ti kọ́kọ́ pa nínú ìwé, ẹni tí kò ṣẹ̀ ẹ́, tó kàn jókòó síbi ìlẹ̀kùn. Èkejì ló kúnlẹ̀ yìí.

"Kò yé mi," ni ó wí.

A rò pé ìbẹ̀rẹ̀ ìtumọ̀ ni. A ní, "Àmín!"

"Mo ní kò yé mi. Ohun tí Ìyá sọ, mo gbọ́ omi, mo gbọ́ ìlẹ̀kùn, mo gbọ́ ọwọ́. Ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyẹn."

Ariwo sọ. Olùṣọ́ Ọládayọ̀ sún mọ́ ọn, ó rọra ní, "Bàbá Olùtumọ̀, ẹ tún gbàdúrà díẹ̀ kó lè yé yín." Akínwùmí ní òun ti gbà á. Níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́, Àṣírù, igbákejì olùtumọ̀, tó ti ń fojú sọ́nà fún ipò náà láti ọjọ́ pípẹ́, ti dìde, ó ti gbá ọ̀fun mọ́.

"Ó yé èmi o!"

"Àṣírù, jókòó. Kò yé ìwọ náà."

Akínwùmí kọjú sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, kì í ṣe ohùn tí a mọ̀ mọ́ ọn. "Quadri. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo gé mọ́ ọ lẹ́nu lọ́dún tó kọjá. Mo ti fi ìdajì rẹ̀ dá ọ lẹ́jọ́. Wá síbí, kí o wá parí rẹ̀."

Quadri rìn wá, kò yára. Irú ènìyàn tó jẹ́, kò lè gbé ọ̀rọ̀ náà láti ibi tó ti já. Ó ní láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó dìde, ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Ó tún dákẹ́ díẹ̀. A rí i tí ètè Akínwùmí ń mì. Ó fi eyín há a.

"Sà, kí n tó sọ ohun tó gbé mi wá, ẹ̀yin lẹ lé bàbá mi níbi iṣẹ́ lọ́dún náà, ní Free Zone. Bàbá mi wá ní kí n ṣàlàyé fún yín. Tájù lorúkọ wọn, bíríkìlà ni wọ́n. Àwọn nìkan ló wà lórí igi tí àwọn bíríkìlà máa ń gùn lọ́jọ́ yẹn. Wọn ò dé akoto. Ẹ ní kí wọ́n bọ́ sílẹ̀, kí wọ́n máa lọ sílé. Wọ́n bẹ̀ yín, sà, ẹ kọ̀. Wọ́n ṣépè fún yín dé ẹnu gétì." Ó mí sínú, ó mí síta. "Wọn ò tíì jáde ní gétì tí igi yẹn fi wó lulẹ̀. Gbogbo ẹ̀ pátá. Kò sẹ́ni tó kú, torí kò sẹ́nì kankan lórí ẹ̀."

Akínwùmí rántí ọjọ́ náà. Ó rántí igi tó wó, ó rántí eruku, ó rántí pé òun kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò fara pa. Ọkùnrin tó lé lọ kí ó tó wó, kò wo ojú rẹ̀ rí.

"Mo ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì nígbà yẹn," Quadri ní. "Bàbá mi ní kí n tó la ẹnu tọrọ ohunkóhun lọ́wọ́ yín, kí n kọ́kọ́ bá àwọn kí yín. Wọ́n ní àwọn ṣépè fún yín, àwọn ò tíì rójú wá tọrọ àforíjì. Wọ́n ní ẹ ṣeun, sà. Ẹ ṣeun tí ẹ lé àwọn."

Olùṣọ́ Ọládayọ̀, tí kò mọ nǹkan mìíràn tó yẹ kó ṣe, béèrè lọ́wọ́ olùtumọ̀ ìjọ pé kí ni ìtumọ̀ ohun tí a gbọ́ yìí. Akínwùmí fẹ́ dáhùn. Omi ti kún ojú rẹ̀, kò sì fi sùtánà nù ún.

"Ó yé mi," ni ó wí.

A jókòó, a ń dúró de ìyókù, torí ìtumọ̀ rẹ̀ kì í kúrú báyìí. Kò sí ìyókù. Quadri ló tún gbá ọ̀fun mọ́, nítorí ó kan ìdajì tó kù, ohun gan-an tó gbé e wá láti ọdún tó kọjá.

"Sà," ó ní, "ohun tó wá gbé mi wá ni pé..."

Ó dúró, ó ń wá ọ̀rọ̀. Gbogbo ìjọ mọ ohun tó kù. Àwọn ọmọdé mọ̀ ọ́n. Tolúwani ti la ojú, ó ń wo bàbá rẹ̀. Akínwùmí mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ, ọ̀rọ̀ náà sì ti dé ahọ́n rẹ̀. Ó gbé e mì. Ó fa àga kan, ó jókòó, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó sì jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ sọ̀rọ̀ rẹ̀ tán.